Geiger, kírísítálì, ion chamber, báàjì: èwo ni ká fi wá ìtànṣán?

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, ní ìlú Goiânia lórílẹ̀-èdè Brazil, wọ́n ní kí onímọ̀ físíìsì kan wá wo ẹrù kan tí wọ́n gbé dé ọ́fíìsì ìlera. Ó lọ yá ẹ̀rọ kan, irú èyí tí àwọn tó ń wá ohun àlùmọ́ọ́nì nínú ilẹ̀ máa ń lò. Kò tíì dé ibi tó ń lọ tó fi tan ẹ̀rọ náà. Abẹ́rẹ́ tó ń tọ́ka sí ìwọ̀n lójú ẹ̀rọ náà fò lọ sí ìpẹ̀kun, ó sì dúró síbẹ̀, ibi yòówù kó kọ ojú rẹ̀ sí. Ó rò pé ó ti bàjẹ́ ni, ló bá padà lọ gba òmíràn. Èkejì náà ṣe bákan náà. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Cesium-137, èròjà kan tó ń tú ìtànṣán jáde, láti inú ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n pa tì ló wà nínú ẹrù náà. Ènìyàn mẹ́rin ló kú. Wọ́n yẹ àwọn tó lé ní 112,000 wò, wọ́n sì rí àbàwọ́n lára 249.

Ẹ̀rọ méjèèjì tó gbà lọ́jọ́ náà dára. Iṣẹ́ wíwá ìtànṣán kékeré nínú òkúta ni wọ́n ṣe wọ́n fún, òǹkà wọn kò sì gùn kọjá 30 microgray (òsùwọ̀n ìtànṣán kan) ní wákàtí kan. Ohun tó mú mi kọ èyí nìyẹn. Ẹ̀rọ ìtànṣán kì í purọ́, àmọ́ ohun tí wọn ò dá a láti rí, kò ní sọ ọ́ fún yín. Bí wọ́n bá bi mí pé èwo ló dára jù, ìbéèrè méjì lèmi náà máa ń bi ẹni náà kí n tó dáhùn: irú ìtànṣán wo lẹ ń wá, báwo ló sì ṣe lè pọ̀ tó níbi tẹ́ ẹ máa gbé ẹ̀rọ yìí dé?

Irú ìtànṣán kọ̀ọ̀kan àti ìṣe rẹ̀

Álífà kò lágbára àtirìn. Pépà kan ṣoṣo ń dá a dúró, nínú afẹ́fẹ́ lásán pàápàá kì í lọ ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀. Bétà ń rìn jù bẹ́ẹ̀, alumíníọ́mù tó nípọn tó mìlímítà díẹ̀ ló ń ká a lọ́wọ́ kò. Gámà àti X-ray ń gba inú ògiri kọjá. Òjé tàbí kọnkéré tó nípọn ló ń dín wọn kù. Niútírọ́ọ̀nù ní tirẹ̀ kò ka òjé sí. Omi, pàráfíìnì tàbí ike ló ń pa eré rẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ohun tó ń dá ìtànṣán dúró lójú ọ̀nà ló tún ń dá a dúró lẹ́nu ẹ̀rọ. Ara ẹ̀rọ náà ògiri ni.

Geiger: ẹni gbogbo ènìyàn mọ̀

Hans Geiger ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíka ìtànṣán lọ́dọ̀ Ernest Rutherford ní Manchester láti 1908, àmọ́ 1928 ni òun àti Walther Müller ṣe túùbù tí a ń lò dòní, ní ìlú Kiel ní Jámánì. Gáàsì ló wà nínú túùbù náà, wáyà tín-ín-rín kan la àárín rẹ̀ já, iná tó máa ń tó 400 sí 900 volt sì wà lórí wáyà yẹn. Bí ìtànṣán kan bá wọlé, á já electron kan gbà lára gáàsì. Iná á fa electron yìí, bó ṣe ń sáré lọ òun náà á máa já àwọn mìíràn gbà, títí gbogbo inú túùbù á fi gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Kẹ́! Ẹ̀rọ á ka oókan.

Torí pé gbogbo túùbù ló ń gbiná, bó jẹ́ ìtànṣán tó lágbára, bó jẹ́ aláìlera, ìró kan náà ni. Ibí ni ìwúlò Geiger wà, ibẹ̀ náà sì ni ààlà rẹ̀ wà. Ó rọrùn, kò gba ìmọ̀ ńlá láti lò, ìró rẹ̀ ń bá etí sọ̀rọ̀ nígbà tí ojú wà lára iṣẹ́. Àmọ́ kò lè sọ fún yín pé cesium nìyí, radium nìyẹn. Ní ti gámà, nínú bíi ọgọ́rùn-ún tó gba inú túùbù kọjá, ẹyọ kan péré ló sábà máa ń rí.

Fèrèsé ni kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó wo ohunkóhun. Túùbù tó lè rí álífà gbọ́dọ̀ ní ojú kan tí wọ́n fi máíkà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, tó fi jẹ́ pé bí ohun kékeré kan bá kàn án, ó ti lù, iṣẹ́ sì parí. Mo ti ra ẹ̀rọ àpò kan rí tí wọ́n kọ "álífà, bétà, gámà" gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Mo gbé e lé orísun álífà tí mo fi ń dán ẹ̀rọ wò, kò mira. Mo yí i síwá sẹ́yìn, mo sún mọ́ ọn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orísun, pàbó ni. Nígbà tó sú mi mo tú u. Túùbù kan bíi ìka ọwọ́ ló wà nínú rẹ̀, irin ni láti orí dé ìdí, kò ní fèrèsé kankan, ike ara ẹ̀rọ sì tún bò ó. Álífà ò lè wọ ibẹ̀ láéláé. Ó dùn mí, kì í ṣe torí owó mi, bí kò ṣe torí ẹni tí kò ní orísun láti fi dán an wò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á gbé e yí tábìlì tó ní àbàwọ́n álífà ká, kò ní gbọ́ nǹkan kan, á sì jókòó síbẹ̀ máa ṣiṣẹ́.

Èyí tó ní fèrèsé náà nílò ọwọ́ pẹ̀lẹ́. Ẹ gbé e sún mọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń yẹ̀ wò tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan, kẹ́ ẹ sì máa wọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀. Nílé iṣẹ́ wa, bí ẹ̀kán oògùn onítànṣán technetium-99m bá kán sórí tábìlì, bí a ṣe ń ṣe nìyẹn: a ó gbé fèrèsé náà dojú kọlẹ̀, a ó máa rìn án bí ẹni ń lọ aṣọ. Kẹ́... kẹ́... kẹ́-kẹ́, lójijì á wá pariwo bí àgbàdo tó ń ta nínú ìkòkò. A ó fi gègé yí ibẹ̀ ká, a ó nù ún, a ó tún wò ó. Ẹni tó bá ń sáré fò ó kọjá kò ní rí i.

Ẹ̀rù kan wà tó ń bà mí jù nípa Geiger. Lẹ́yìn ìró kọ̀ọ̀kan, túùbù máa ń sinmi díẹ̀, bíi 100 microsecond. Níbi tí ìtànṣán kò ti pọ̀, èyí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Níbi tó ti pọ̀ gan-an, òmíràn á ti dé kí túùbù tó sinmi tán, òmíràn á tún dé, títí kò fi ní lè kà mọ́. Àwọn ẹ̀rọ tí kò ní ètò fún èyí máa ń padà sí òdo. Ẹ wò ó: ibi tí ikú wà gan-an ni ẹ̀rọ ti máa kọ òdo. Kẹ́ ẹ tó ra Geiger, ẹ béèrè ohun tó máa fihàn bí ìtànṣán bá kọjá agbára rẹ̀. Ẹ̀rọ tó dára á kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé ó ti kún, tàbí kó máa ké láì dákẹ́. Bí ẹni tó ń tà á kò bá rí èsì fọ̀, ẹ máa lọ.

Kírísítálì tó ń kọ mọ̀nà

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, mi ò fi pa mọ́. Ní 1903 William Crookes rí i pé bí álífà bá kan zinc sulphide nínú òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ kékeré máa ń kọ mọ̀nà níbẹ̀. Ojú lásán ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ka àwọn ìmọ́lẹ̀ yẹn: ènìyàn á jókòó sínú òkùnkùn títí ojú rẹ̀ á fi mọ́ ọn lára, á wá máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá photomultiplier, túùbù tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ kékeré di iná tí ẹ̀rọ lè kà, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ojú, ní 1948 sì ni Robert Hofstadter fi hàn pé kírísítálì sodium iodide tí wọ́n po thallium díẹ̀ mọ́ dára púpọ̀ fún gámà.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí Geiger rèé: kírísítálì wúwo, ó sì nípọn, nítorí náà gámà púpọ̀ ni kì í lè gba inú rẹ̀ kọjá láìjẹ́ kó mọ̀. Èkejì, bí agbára ìtànṣán bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ̀rọ á to àwọn ìmọ́lẹ̀ yìí bí wọ́n ṣe tóbi sí, òkè kan á sì yọ níbi tí agbára kan bá pọ̀ sí. Bí òkè bá yọ ní 662 keV (òsùwọ̀n agbára ìtànṣán), cesium-137 ni. Geiger kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn láé.

Bí orísun kékeré bá sọnù nínú ilé ńlá, ẹ má fi Geiger dà á láàmú. Kírísítálì tó tóbi tó ìkúùkù ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láti ẹnu ọ̀nà, nígbà tí Geiger ṣì ń ka ohun tó ń kà níbi gbogbo.

Ẹlẹgẹ́ ni, àmọ́. Sodium iodide ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dì í pa sínú agolo. Bí agolo bá jò, kírísítálì á pọ́n, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á bàjẹ́. Kò fẹ́ kí ooru àti òtútù pàdé lójijì. Mo ti gbé ọ̀kan jáde rí láti inú búùtù mọ́tò tí oòrùn ti pa láti àárọ̀, mo sì gbé e wọ yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó sán, ìró kékeré báyìí, bí ìgbà tí gíláàsì bá fọ́ lábẹ́ aṣọ. Cesium iodide kì í ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀, òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́ lóde òní. Kí ẹ sì rántí Goiânia: ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ariwo ló máa kọ́kọ́ dí i létí. Bí kírísítálì bá ṣe lè rí ìtànṣán kékeré tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń tètè kún.

Fún láàbù tó fẹ́ mọ gbogbo èròjà tó wà nínú omi tàbí yẹ̀pẹ̀ kan láì ṣì wọ́n mú, ẹ̀rọ tó ń lo germanium ló ga ju kírísítálì lọ. Òkè tí kírísítálì máa fihàn gbàràmù-gbaramu, germanium á fihàn bí abẹ́rẹ́. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ mú un tutù, ọ̀pọ̀ láàbù sì ń lo nitrogen olómi tó wà ní -196°C fún èyí. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé kiri ilé.

Ion chamber: fún ibi tó gbóná

Ion chamber kì í ka ẹyọ. Gbogbo iná tí ìtànṣán bá dá sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ló ń kó jọ, tó sì ń wọ̀n. Nítorí náà kì í kún bọ̀rọ̀, ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í yàtọ̀ púpọ̀ láàárín ìtànṣán aláìlera àti alágbára. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye gan-an tó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ X-ray tàbí ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ, òun ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ má fi wá nǹkan, torí ó lọ́ra, kì í sì í rí ohun tó kéré. Èyí tí inú rẹ̀ ṣí sí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kí ẹ ṣírò ooru àti agbára afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́ ọn.

Ní Chernobyl, níbi tí iléeṣẹ́ iná mànàmáná átọ́míìkì ti bú gbàmù ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1986, àwọn ẹ̀rọ tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó àwọn òṣìṣẹ́ kò lè kà ju 3.6 röntgen (òsùwọ̀n ìtànṣán àtijọ́) ní wákàtí kan lọ. 3.6 ni wọ́n sì kà. Àwọn kan mú òpin òǹkà bí ẹni pé òun ni ìwọ̀n. Ẹni tó bá ń ra ẹ̀rọ fún àwọn tó máa kọ́kọ́ wọ ibi ìjàǹbá kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ìyẹn: ẹ̀rọ kan fún wíwá, òmíràn tó ń kà dé òkè réré fún wíwọlé.

Báàjì: fún ara yín

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ, ibi tí ẹ dúró sí ni wọ́n ń wọ̀n. Báàjì ń wọ̀n iye tó ti kan ara yín látìgbà tẹ́ ẹ ti fi kọ́ àyà. Ti àtijọ́ fíìmù ni. TLD gba ipò rẹ̀ níbi púpọ̀: lithium fluoride ló wà nínú rẹ̀, ó ń tọ́jú agbára ìtànṣán pa mọ́, bí wọ́n bá yan án nínú iná á tú u jáde bí ìmọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tán. OSL ń lo aluminium oxide, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń kà á dípò ooru, ó sì ṣeé tún kà. Fún iṣẹ́ tí àríyànjiyàn lè dé lórí ẹ̀, OSL ni màá mú.

Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó máa kígbe pé ẹ sá. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí mẹ́ta ni ìwé máa dé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí nǹkan ti lè yí padà lójijì nílò báàjì alábátìrì tó ń ké, ní àfikún sí èyí tí wọ́n ń kà ní láàbù. Òsùwọ̀n tí ICRP, ìgbìmọ̀ àgbáyé fún ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán, dá fún òṣìṣẹ́ ni 20 millisievert (sievert ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tó kan ara) lọ́dún tí a bá pín ọdún márùn-ún dọ́gba, 1 millisievert sì ni fún ará ìlú.

| | Ibi tó dára jù | Ohun tí kì í rí | Ohun tó ń bà á jẹ́ |
|---|---|---|---|
| Geiger tó ní fèrèsé | àbàwọ́n lórí tábìlì, aṣọ, ọwọ́ | orúkọ èròjà | fèrèsé tó lù. Ìtànṣán tó pọ̀ jù |
| Kírísítálì | orísun gámà tó sọnù. Mímọ orúkọ rẹ̀ | álífà, nítorí agolo | omi, òtútù òjijì, ìṣubú |
| Ion chamber | ìwọ̀n tó péye níbi tó gbóná | ohun tó kéré | ọ̀rinrin |
| Báàjì | iye tó kan ara òṣìṣẹ́ | ewu tó wà níwájú nísinsìnyí | ìgbàgbé sínú mọ́tò tàbí nínú yàrá X-ray |

Mi ò fi niútírọ́ọ̀nù síbẹ̀. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ra ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tí helium-3 tàbí boron wà nínú rẹ̀ tí ike tó nípọn sì yí ká.

"Ó ní pátẹ́ǹtì" kò túmọ̀ sí pé ó péye

Àwọn tó ń tà á fẹ́ràn láti kọ ọ́ sára páálí pé ẹ̀rọ wọn ní pátẹ́ǹtì. Ohun tí pátẹ́ǹtì ń sọ ni pé ọ̀nà tí ẹnì kan gbà ṣe nǹkan jẹ́ tuntun, àti pé ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ ṣe é láìgbàṣẹ, fún 20 ọdún láti ọjọ́ tó fi ìwé béèrè ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì kì í gbé ẹ̀rọ síwájú orísun láti mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń kà. Túùbù Geiger àti kírísítálì fúnra wọn ti kọjá ìgbà pátẹ́ǹtì tipẹ́. Ohun tí wọ́n ń gba pátẹ́ǹtì lé lórí nísinsìnyí sábà máa ń jẹ́ asẹ́ tí wọ́n fi bo túùbù, bí wọ́n ṣe to kírísítálì, tàbí ìṣirò tó ń yọ ariwo kúrò.

Ṣùgbọ́n ìwé pátẹ́ǹtì kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀, ó sì wúlò fún ẹni tó bá kà á. Ẹ gba nọ́mbà rẹ̀, ẹ lọ wo apá ìparí níbi tí wọ́n ti to ohun tí wọ́n ń béèrè ààbò fún. Mo ti rí èyí tó jẹ́ pé kìkì bí wọ́n ṣe de bátìrì mọ́ ìdí ẹ̀rọ ni.

Ìwé tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni ti calibration: orísun wo ni wọ́n fi dán an wò, ọjọ́ wo, ìwọ̀n mélòó ni wọ́n gbé e dé, báwo ló sì ṣe yàtọ̀ sí òótọ́ tó. Cesium-137 ni ọ̀pọ̀ ń lò. Bí túùbù Geiger kò bá ní asẹ́ tó ń tún un ṣe, tí ẹ sì gbé e lọ síwájú X-ray aláìlera, ó lè ka ìlọ́po mélòó kan ohun tó wà níbẹ̀ gan-an. Ìró yẹn kì í ṣe irọ́. Bí wọ́n ṣe sọ ìró di microsievert ni kò bá ibẹ̀ mu.

Nọ́mbà tó ń fò

Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ kìíní tí wọ́n ra ẹ̀rọ pé ilé wọn ti ní ìtànṣán, torí nọ́mbà fò láti 0.09 sí 0.17. Kò sí ibi tí ìtànṣán kò sí láyé: ilẹ̀ ń tú u jáde, ó ń ti ojú ọ̀run bọ̀. Microsievert 0.1 sí 0.2 ní wákàtí kan kì í ṣe ohun àjèjì, nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ti ga ó lè ju 2 lọ.

Ìfò yẹn ní ìdí. Ìtànṣán kì í jáde ní déédéé. Bí ẹ̀rọ bá ka 20 ní ìṣẹ́jú kan, ìyàtọ̀ bíi 4 tàbí 5 sókè sódò kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: bó bá jẹ́ 200, ìyàtọ̀ rẹ̀ á jẹ́ bíi 14, ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún péré. Sùúrù ló ń sọ ẹ̀rọ kékeré di ẹ̀rọ gidi. Nítorí náà, láàárín ẹ̀rọ àpò méjì, èyí tó lè ka iye ìró fún àkókò tí ẹ bá yàn ni màá rà, bí ojú èkejì tilẹ̀ ń tàn yanran.

Ta ló yẹ kó ra kí ni

Olùkọ́ tó fẹ́ fi han àwọn ọmọ kíláàsì, Geiger ni, kó ní fèrèsé, kó sì máa dún. Láàbù tó ń lo oògùn ìtànṣán, Geiger tó ní fèrèsé gbẹ̀rẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú báàjì fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń ra àlòkù irin, níbi tí orísun tí wọ́n pa tì ti lè bá ẹrù wọlé: kírísítálì ńlá lẹ́nu géètì, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ń kà dé òkè fún ẹni tó máa lọ wò ó bí géètì bá ké. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ X-ray, ion chamber.

Ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nípa afẹ́fẹ́ inú ilé tirẹ̀ ló kù. Radon, gáàsì onítànṣán tó ń ti inú ilẹ̀ jáde, ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀rù, ó sì tọ́ kó bẹ̀rù rẹ̀, nítorí nínú bíi 2.4 millisievert tó ń kan ènìyàn kọ̀ọ̀kan lọ́dún káàkiri ayé láti inú ilẹ̀, ojú ọ̀run àti afẹ́fẹ́, radon àti àwọn ọmọ rẹ̀ (àwọn èròjà tó ń yí padà sí) ló ni nǹkan bí ìdajì. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí mo tò sókè yìí tó máa sọ iye rẹ̀ fún un. Ike kékeré kan ni kó rà, èyí tí álífà máa ń fi àpá sí lára. Kó gbé e sí yàrá tó ń sùn, kó jìnnà sí fèrèsé, kó fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kó sì fi ránṣẹ́ sí láàbù. Bí èsì bá ju 100 becquerel (òsùwọ̀n bí èròjà ṣe ń tú ìtànṣán jáde tó) nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) dábàá ní 2009, kó pe ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fa afẹ́fẹ́ jáde lábẹ́ ilẹ̀ ilé.